Ẹni Tí Yóò Dáhùn Àgò

Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Dòpẹ̀mú láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ojú rẹ̀. Yóò gbọ́ "Àgò onílé o" láti ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ yóò sì fà á lápá wọ yàrá, àwọn méjèèjì yóò dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. Wolé-wolé ni Ọdẹ́tọ́lá. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi wọ kakí, tó fi di ọ̀pá kékeré àti tọ́ọ̀ṣì mú, tó ń wo inú àmù omi bóyá tanwíjí ń jó níbẹ̀, tó ń wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, tó ń wo ṣalángá. Ibi tó bá ti rí ẹ̀gbin, ìwé ẹjọ́ ló kù. Kì í gba rìbá, kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ní ọ̀rẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin yìí máa rìn ní ìhòòhò káàkiri Alímọ̀ṣọ́, nítorí aṣọ kan ṣoṣo ló ní, Susanna ìyàwó rẹ̀ sì ni.

Àṣà kan wà láàárín tọkọtaya náà. Bí Ọdẹ́tọ́lá bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í ṣàdédé ṣílẹ̀kùn yàrá méjì tí wọ́n háyà. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ké àgò bó ṣe ń ké e nílé onílé láti àárọ̀. Susanna yóò sì dáhùn láti inú ilé pé, "Àgò yà o, Bàbá Tòún, ẹ máa wọlé." Obìnrin náà máa ń sọ pé nínú gbogbo ilé tí ọkọ òun bá wọ̀ lóòjọ́, ilé òun nìkan ni wọ́n ti ń dá a lóhùn tinútinú. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ọdún 1989 ni Susanna kú, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìntì. Nígbà tí àìsàn tó pa á wọ̀ ọ́ lára gan-an, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Bàbá Tòún, owó tí a jọ fi pamọ́ yẹn, ẹ fi ra ibi tí ẹ ó máa gbé, kí onílé má baà lé yín kiri lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ gbé ibi tí kò ti ní sí ẹni tí yóò dá yín lóhùn." Ọdẹ́tọ́lá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Tòún, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Kàdúná, lẹ́tà rẹ̀ ló ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ọdún méjì kọjá, onílé wọn ní Dòpẹ̀mú náà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ta ilé, kí gbogbo ayálégbé kó jáde kí ọdún 1991 tó parí. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Susanna wá di ohun tí kò ṣeé sún síwájú mọ́. Ọdẹ́tọ́lá lọ bá ejẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Nùrẹ́nì, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tí áńkáṣíìfù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ ra fúláàtì, kì í ṣe ilẹ̀. Àgbàlagbà bíi tòun kò tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá bíríkìlà jà.

Nùrẹ́nì ní méjì wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀kan wà nínú ilé tuntun tí kọntirakítọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán ní Ìgàndó. Ìkejì wà nínú ilé àtijọ́ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ kan ti kọ́ sí Ẹ̀gbẹ́dá láti 1975. Iye tí wọ́n ń ta méjèèjì kò jìnnà síra. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọdẹ́tọ́lá wá ìwé àyẹ̀wò méjì jáde nínú àwọn tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ láti ibi iṣẹ́, ó kọ "Tuntun" sórí ọ̀kan, ó kọ "Àtijọ́" sórí ìkejì. Omi, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, ògiri, òrùlé, ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni àyè wà fún láti fi máàkì sí.

Tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wò. Fúláàtì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, méjì méjì lórí ara wọn, òórùn ọ̀dà sì kún gbogbo àtẹ̀gùn. Ilẹ̀ ń dán. Omi ẹ̀rọ ń tú jáde bí wọ́n ṣe ṣí i. Ọdẹ́tọ́lá fi ọ̀pá kan ògiri níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún, ó dún gbọin gbọin. Ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ síǹkì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo orí àjà, kò rí ohun tí yóò bá wọn wí, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ún.

Nùrẹ́nì ní, "Bàbá, ẹ wo ilé ìwẹ̀. Inú yàrá yín lẹ ó ti wọ̀ ọ́, ẹnì kankan ò ní bá yín du ìlẹ̀kùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà níbí yìí, owó ò lè rà á."

Ọdẹ́tọ́lá jáde sí ẹnu àtẹ̀gùn. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Àgò onílé o." Ohùn rẹ̀ lu ògiri, ó sì padà wá bá a.

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta lẹ̀ ń kí, Bàbá? Èèyàn ò tíì dé ibí jàre. Wọ́n ń bọ̀. Kí ọdún tuntun tó dé, ibí á ti kún fọ́fọ́." Ìgbà náà ni Ọdẹ́tọ́lá wá sọ fún un pé ìyàwó òun ti kú, pé ibi tí èèyàn yóò ti dá òun lóhùn lòun ń wá.

Ti Ẹ̀gbẹ́dá ló kù. Nùrẹ́nì ní ìgbéyàwó àbúrò òun bọ́ sí Sátidé náà ní Ìjẹ̀bú, òun kò ní lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òun yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Adéolú tó ni fúláàtì náà ti kó lọ sí Ìbàdàn. "Ẹ máa lọ ní tiyín. Màá ti yà lọ́dọ̀ àwọn ará ilé náà lọ́jọ́ Ẹtì, màá sọ fún wọn pé bàbá kan ń bọ̀ wá wo ilé."

Sátidé tó parí oṣù ni, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn títí aago mẹ́wàá yóò fi lù. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni Ọdẹ́tọ́lá jáde nílé. Ó mọ̀ pé òun yóò wo abẹ́ tánkì, bóyá òun yóò tilẹ̀ gun orí òrùlé, kò sì fẹ́ ba bùbá rẹ̀ jẹ́. Ó wọ kakí rẹ̀ àtijọ́, ó mú ọ̀pá, ó mú tọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìntì láti ọdún méjì rò pé kakí ti di aṣọ lásán.

Ilé náà ti gbó lóòótọ́. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, irin fèrèsé ti dípẹtà, òjò sì ti fa ìlà dúdú sára ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n igi fúrúùtù ńlá kan wà níwájú rẹ̀, àga mẹ́rin sì wà lábẹ́ igi náà. Kò sí ẹni lórí àga kankan. Rédíò kékeré kan ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn. Ìkòkò ẹ̀wà ńlá kan ń hó lórí sítóòfù lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ṣíbí ìrobẹ̀ wà nínú rẹ̀, a kò rí ẹni tó ń rò ó. Sílípáàsì ẹsẹ̀ kan dojú dé sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

"Àgò onílé o," ni Ọdẹ́tọ́lá wí.

Kò sí ìdáhùn. Ó gòkè lọ sí àjà kejì, ó tún ké e. Ó gbọ́ tí ọmọ kan wúkọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, tí ẹnì kan sì yára bo ọmọ náà lẹ́nu. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀. Kò sí ẹni tó jáde. Nígbà tó dé àjà kẹta, ó bá korobá omi ńlá kan tí wọ́n fi pátákó bò lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé pátákó kúrò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rí tanwíjí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń yí bírí bírí. Ọwọ́ rẹ̀ kò bi í léèrè. Ó gbé korobá náà, ó da omi inú rẹ̀ nù pátápátá, ó ń ṣàn lọ lórí àtẹ̀gùn. Ó da korobá dojú dé bó ṣe máa ń ṣe, kó tó wá rántí pé òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn Adéolú. Ògiri yàrá lanu ní igun kan, àyè ibẹ̀ tó fún aláǹgbá méjì. Ẹ̀rọ omi kò ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń mí nínú páìpù. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, báńkóònì rẹ̀ sì kọjú sí igi fúrúùtù. Ọdẹ́tọ́lá dúró ní báńkóònì yẹn. Ó dúró pẹ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá jáde sábẹ́ igi náà, tó gbójú sókè, tó ní "Ẹ kú ilé o," yóò san owó lọ́jọ́ Ajé, yóò sì wá símẹ́ńtì fi di ẹnu ògiri. Ohun tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó jáde. Rédíò ń sọ̀rọ̀, ẹ̀wà ń hó.

Ó bá ara rẹ̀ rò ó. Kàkà kí òun máa gbé láàárín èèyàn tí wọn kò ní dá òun lóhùn, ó sàn kí òun lọ síbi tí èèyàn kò tíì dé. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń bọ̀ dáhùn. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó fi máàkì sí ìwé àyẹ̀wò méjèèjì. Ìwé náà kò ní àyè fún ohun tó ń wá gan-an, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Lórí "Àtijọ́" ó kọ pé: Àgò, kò sí ìdáhùn. Lórí "Tuntun" ó kọ pé: Àgò, wọ́n ń bọ̀. Ó tilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wà kọjá. Ẹ̀wà náà ti ń fẹ́ jóná, ó yí sítóòfù náà sílẹ̀ kó tó lọ.

Nùrẹ́nì kò bi í ní ìdí. Ejẹ́ńtì kì í bá oníbàárà jiyàn nígbà tí oníbàárà bá ti mú ọ̀kan. Oṣù kọkànlá ni Ọdẹ́tọ́lá kó dé Ìgàndó, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nínú ilé náà láti ọjọ́ náà. Omi ń tú, iná ń tàn, eku kan kò yọjú. Bó bá sì ti ìta dé, ó ṣì máa ń ké àgò lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ kó tó wọlé.

Àwọn èèyàn sì wá lóòótọ́. Nùrẹ́nì kò purọ́. Òṣìṣẹ́ báńkì kan àti ìyàwó rẹ̀ kó dé òkè orí rẹ̀, ẹlòmíràn kó dé ẹ̀gbẹ́. Ohun tí olúkúlùkù kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe wẹ́dà, ó sì fi géètì irin sí iwájú ìlẹ̀kùn. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ń jáde, òkùnkùn ni wọ́n ń bá wọlé. Ọdẹ́tọ́lá gòkè lọ lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ké àgò níwájú géètì. Obìnrin ilé yọjú láti fèrèsé.

"Ta lẹ fẹ́ rí, sà?"

"Èmi ni mò ń gbé ìsàlẹ̀ yín. Mo ní kí n kí yín ni."

"Háà, a dúpẹ́ o, sà. Ẹ ṣé gan-an." Ó sì rọra ti fèrèsé.

Wọn kì í ṣe èèyàn búburú. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú, nítorí Ọdẹ́tọ́lá kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún tuntun, ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbà mìíràn ó máa ń rá dé ibi omi, ìgbà mìíràn kì í lè rá débẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lórí àjà, lókè orí rẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ karùn-ún tó fọwọ́ ti ògiri jáde síta láti yá oòrùn, obìnrin òkè pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, sà. Ṣé ìrìnàjò dáa?"

Tòún kọ lẹ́tà láti Kàdúná, ó béèrè bóyá àwọn ará ilé dára. Bàbá rẹ̀ fèsì pé ilé náà mọ́.

Oṣù kejì ni ó ń fọ aṣọ tí kọ́kọ́rọ́ já bọ́ láti inú àpò kakí. Kọ́kọ́rọ́ ilé Ẹ̀gbẹ́dá ni, ó ti gbàgbé pátápátá láti dá a padà. Ó mú un lọ fún Nùrẹ́nì. Nùrẹ́nì ní ṣé ẹ rí i, òun ti wá a títí, àwọn tó ra ilé náà sì ti bínú pé kọ́kọ́rọ́ kejì kò sí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi mú un lọ fún wọn. Ẹ ní èmi ni mo rán yín."

Ó lọ lọ́jọ́ Àìkú, bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tú. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ló wọ̀, ó dé fìlà ẹtù tí Susanna rà fún un. Nígbà tó dé abẹ́ igi fúrúùtù, kò gbé ojú sókè. Ó ṣáà ké e jẹ́ẹ́jẹ́, nítorí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu: "Àgò onílé o."

"Àgò yà o," ni bàbá arúgbó kan tó jókòó ti rédíò wí. "Àgò yà," ni obìnrin kan wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ẹnì kan dáhùn láti fèrèsé àjà kejì. Ohùn kan tilẹ̀ tún bọ́ sílẹ̀ láti òkè pátápátá lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti dáhùn tán. Ọdẹ́tọ́lá dúró sójú kan. 

Obìnrin aránṣọ náà dìde, Ràbíátù ni orúkọ rẹ̀. Ó fi ìdí iró nu àga fún un. "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jókòó. Oòrùn yìí mú." Ó bu omi tútù fún un. Bàbá onírédíò, Àlàájì Múrítàlá, yí ohùn rédíò sílẹ̀ kí ó lè kí i dáadáa. Ọdẹ́tọ́lá ní Nùrẹ́nì ló rán òun, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n pe Esther, ìyàwó tíṣà tó ra fúláàtì òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ gbà á, ó sì sáré padà nítorí ọbẹ̀ tó wà lórí iná.

Ràbíátù ní, "Fúláàtì yẹn ní ìtàn o, bàbá. Kì í ṣe àwọn Esther ló yẹ kó rà á. Bàbá kan ló yẹ kó wá wò ó nígbà kan. Nùrẹ́nì sọ fún wa lọ́jọ́ Ẹtì pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, pé ibi tí èèyàn wà ló ń wá. Ó ṣe wá láàánú. Mo gbé ẹ̀wà kaná láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní ká jọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kó lè mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibí."

Ọdẹ́tọ́lá gbé ife omi kúrò lẹ́nu.

"Àfi bí wolé-wolé kan ṣe já lu wá, tòun ti kakí tòun ti ọ̀pá. Ọjọ́ ìmọ́tótó ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Gbogbo wa bẹ́ wọlé, bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀ yẹn. Ó gòkè dé ẹnu ọ̀nà mi ní àjà kẹta, ó da omi mi nù, omi tí mo fi orí rù láti ìta."

Àlàájì Múrítàlá ní, "Ṣùgbọ́n ó ń ké àgò ṣá. Léraléra. Bí ẹni pé ó fẹ́ kí èèyàn dáhùn lóòótọ́. Èmi fẹ́ dá a lóhùn, Ràbíátù ló bò mí lẹ́nu."

"Kó lè kọ ìwé ẹjọ́ fún yín ni? Nígbà tó lọ tán, a tún jáde. A jókòó síbí de bàbá yẹn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò wá. Mo bu ẹ̀wà rẹ̀ sọ́tọ̀, mo dé e, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nùrẹ́nì wá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó ti ra ibòmíràn."

Ojú ti Ọdẹ́tọ́lá, ó sì dùn ún wọra. Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti bá pàdé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí èyí tí kò mọ̀ pé òun ló dá a sílẹ̀, àfi ẹyọ kan yìí tó tìtorí rẹ̀ ra ilé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú nítorí omi yín."

Ràbíátù rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin lẹ dà á nù ni, bàbá?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà, ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i láìbẹ̀rù, irú èyí tí obìnrin ilé onílé kankan kò fi wò ó rí. Bó bá sọ ọ́, yóò tún di wolé-wolé. Ó gbé e mì.

"Ibo lẹ̀yin ń gbé, bàbá?" ni Àlàájì béèrè.

"Ìgàndó. Ilé tuntun ni."

"Ó mà dáa o. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ níbẹ̀."

Ó ṣe àmín. Wọ́n sìn ín dé etí títì, Ràbíátù ní kó máa yà sọ́dọ̀ àwọn, ó sì ní òun yóò máa yà. Kò ní lè yà. Nùrẹ́nì ń wọlé níbẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò tọ́ka sí i pé bàbá náà rèé, Ràbíátù yóò sì ṣírò ìyókù fúnra rẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó dé Ìgàndó. Àtẹ̀gùn mọ́ tónítóní, géètì irin márààrún àwọn aládùúgbò rẹ̀ wà ní títì. Ọdẹ́tọ́lá dúró níwájú ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó ṣí i, ó sì wọlé. Láti ìgbà tó ti di ọkùnrin, ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ wọ ilé kan láì ké àgò.